Àga Tí Mo Yí Kúrò Níwájú Dígí

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ máa ń jókòó síwájú mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ máa ń yíjú padà bi mí pé, "Aunty, ṣé iṣẹ́ irun yìí ṣeé jẹun?" mo ti gbọ́ ìbéèrè yín. Ó ṣeé jẹun. Ẹ wo ara mi dáadáa kí ẹ tó tún béèrè. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi di irun, tí mo sì ta irun, ọdún méjìdínlógún nínú rẹ̀ sì jẹ́ ní Norcross, ní Georgia níbí. Ìka ọwọ́ mi ló ní kí n sinmi, kì í ṣe èmi. Wọ́n jí ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní àwọn ò ká mọ́. Dọ́kítà wò wọ́n, ó pe orúkọ àìsàn kan tó gùn bí orúkọ ọmọ ọba, ó ní kí n fi ìlàrun sílẹ̀.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ má retí gírámà. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí sínú kọ̀ǹpútà, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Bí ẹ bá rí ibi tó dùn jù, ẹ mọ̀ pé ó ti ṣàìgbọràn.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Ìyá Sáídì, ní Òkè-Bọ́lá. Ẹni tó bá rí Ìyá Sáídì lóde á rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Oṣù mẹ́fà gbáko ni kò fi jẹ́ kí n di irun kan ṣoṣo. Ìlà nìkan ni kí n máa là. Bí mo bá la ìlà tán, á na òwú dúdú kan láti iwájú orí oníbàárà dé ìpàkọ́, á fi wọn ìlà mi. Bí ìlà bá ti yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú bó ti wù kó kéré tó, á tú gbogbo rẹ̀ ká. Oníbàárà á ní òun ń kánjú, Ìyá Sáídì á ní, "Ẹ jókòó, jàre. Ọmọ yìí ń ba orí yín jẹ́, mo ń bá yín gbà á padà." Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì irun, kódà bí òjò bá ń já òrùlé. Ó ní ìyàwó ilé lè fara da ọkọ burúkú, àmọ́ kò lè fara da ìdajì irun.

Èyí tó wá le jù ni ti ẹnu. Nígbà tí mo ti ń dì dáadáa, ìyàwó olùkọ́ kan wá ṣe ṣùkú, ó sì rò ó fún mi pé ìyá ọkọ òun máa ń wọ ilé ìdáná òun lọ ka ẹran inú ìkòkò. Ó pa mí lẹ́rìn-ín débi pé mo rò ó fún oníbàárà tó tẹ̀ lé e. Àṣé àbúrò ìyá ọkọ yẹn gan-an ni mo ń rò ó fún. Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Sáídì bu omi sínú ife, ó ní kí n gbé e sẹ́nu, kí n má gbé e mì, kí n má sì tu ú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di irun láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n kí ìrun ọ̀sán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bí ti ẹni tí eyín ń dùn, àwọn oníbàárà ń bi mí ní ìbéèrè, mo ń fi imú dáhùn. Nígbà tó ní kí n tu omi náà, ohun tó sọ ò ju gbólóhùn kan lọ: "Orí wọn ni wọ́n gbé wá fún ẹ, wọn ò gbé ohun inú rẹ̀ wá."

Mo gba fíríìdọ̀mù, mo fẹ́ ọkọ, ọkọ mi jẹ lọ́tìrì fíísà, a dé Georgia. Mo ṣiṣẹ́ díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń di páálí, mo sì rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan gbà láàárín ẹni tó ń tún fóònù ṣe àti ará Mẹ́síkò kan tó ń ṣe búrẹ́dì. Iwájú ni mo kó irun tí mo ń tà sí, ẹ̀yìn ni mo ti ń dì í. Ìyẹn náà ni ìtàn gbígbà síṣẹ́ mi. Èmi ni mo gba ara mi.

Ohun èlò iṣẹ́ wa ti yí padà tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí Ìyá Sáídì bá jí dìde nínú sàréè, á ní kí n tún kọ́ṣẹ́. Òwú la fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni attachment dé, tí a fi ń jó etí rẹ̀ lórí àbẹ́là, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á máa rùn bí adìyẹ tí wọ́n ń wì. Lẹ́yìn náà ló di pé omi gbígbóná la fi ń rì í. Báyìí, irun ti ń wá láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú ẹnu tó ti rí ṣóńṣó. Fóònù ló tún wá bà á jẹ́ pátápátá. Ọmọ yunifásítì á fi àwòrán obìnrin kan hàn mí tí irun rẹ̀ pọ̀ bí igbó, á ní, "Aunty, exactly like this." Irun tirẹ̀ ò ju àtàǹpàkò mi lọ. Màá ní, "Màá ṣe é. Ṣé orí obìnrin yẹn náà ni kí n bá ẹ rán wá?"

Ohun kan ni kò yí padà: ìjókòó. Ẹni tó bá fẹ́ irun wẹ́wẹ́ á jókòó wákàtí mẹ́fà. Kò kọjú sí mi, ọwọ́ mi sì wà lórí rẹ̀. Ẹ ò mọ ohun tí ìyẹn máa ń ṣe fún èèyàn. Ohun tí ọmọ ò ní sọ fún ìyá, fún pásítọ̀, fún ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá, á bọ́ sílẹ̀ ní wákàtí kẹrin. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé èmi tí mi ò ka ìwé, èmi ni mo mọ ohun tí àwọn ọmọ tó ń ka ìwé máa ń rò nígbà tí wọ́n bá lóyún, tí wọ́n sì ń wò ó bóyá kí wọ́n bí i tàbí kí wọ́n yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Fèyí. Orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Òun ló ní kí n kọ ọ́, òun náà ló mú orúkọ tí mo máa pè é.

Ó tó ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Fèyí wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, nọ́ọ̀sì ló ń kọ́, nítorí pé nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, Sister Dúpẹ́, ní ọsibítù kan ní Marietta. Ó wá ṣe irun ní àárọ̀ Sátidé. Mo ti dì í dé ìdajì, apá òsì ti parí, apá ọ̀tún ṣì fẹ̀ bí agbòòrùn. Mo ṣí ike fọ́ọ̀mù tí a fi ń pa irun, òórùn rẹ̀ gbà á nímú, ó sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó jáde, mo tún ṣí i, ó tún sáré. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí.

Mo ní, "Fèyí, ọ̀sẹ̀ mélòó?"

"Aunty, mo jẹ nǹkan tí ò dáa ni."

"Nǹkan tó o jẹ yẹn, ṣé ó lórúkọ? Ṣé ó ń lọ sí yunifásítì kan náà pẹ̀lú ẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba ẹ̀rín yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Aunty, please, ẹ má sọ fún mọ́mì. Mi ò tíì mọ nǹkan tí mo máa ṣe. Ẹ kàn jẹ́ kí n ronú."

Mo ní, "Màmá ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe rí. Ọmọ ẹnì kan, ọmọ gbogbo wa ni. Bí aunty bá mọ nǹkan tí kò sọ, tí nǹkan bá wá ṣe ọmọ, gbogbo ìyá tó wà ní Atlanta á máa fọwọ́ júwe ẹ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Mo ro ìyẹn títí, ó wá dà bí ẹni pé ìfẹ́ ni. Mo ní mo fẹ́ lọ ra omi. Mo lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá ìdọ̀tí ará Mẹ́síkò, mo sì pe Sister Dúpẹ́. Mo sọ fún ara mi pé fóònù ló sọ ọ́, ẹnu mi ò sí níbẹ̀.

Kò pé wákàtí kan tí Sister Dúpẹ́ fi dé, aṣọ iṣẹ́ ọsibítù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ìyàwó pásítọ̀ tẹ̀ lé e, bàbá Fèyí sì wà lórí fóònù, wọ́n gbé ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Fèyí wò mí nínú dígí. Kò wo ìyá rẹ̀, èmi ló wò.

Sister Dúpẹ́ ní, "A kì í ṣẹ́ oyún nínú ilé wa. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn." Kò tíì mí, ó tún ní, "Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ ku oṣù méjì. Níbo lo fẹ́ gbé ikùn yẹn gbà? Ṣé o mọ ohun tí mo máa sọ fún àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ìyàwó pásítọ̀ ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe é jẹ́jẹ́. Ọmọ, ọmọkùnrin yẹn ńkọ́, ṣé ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

Bàbá rẹ̀ ní látinú fóònù, "Ìlú wo ni wọ́n ti wá? Ẹ bi í, ìlú wo?"

Èmi náà ò dákẹ́. Mo ní, "Ọmọ ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo ti di irun pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rí."

Ẹnu mẹ́rin. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ oyún àti ìgbéyàwó, ọ̀kan ń béèrè ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan ń wádìí ìlú, ọ̀kan ń yin ara rẹ̀. Fèyí dìde, ó mú báàgì rẹ̀, ó sì bá àárín wa kọjá pẹ̀lú ìdajì irun. Mo dúró tòun ti ìlàrun lọ́wọ́. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí oníbàárà mi máa jáde bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, òun nìkan wa ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń yọ oyún, òun nìkan sì wa ọkọ̀ padà. Òun àti ìyá rẹ̀ ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká, nítorí ẹnu mẹ́rin kì í ṣe ẹnu kékeré, àwọn ọmọbìnrin sì wá ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá bí ẹni tí ò mọ̀ mí. Wọ́n ní ògiri ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́nu. Ní gbogbo ọdún yẹn, ẹni tó ń jókòó lórí àga mi jù ni ará Mẹ́síkò yẹn, ó ń sinmi, kò sì ní irun lórí.

Ọdún kẹrin ni Fèyí padà wá. Ó ti gé irun rẹ̀ kúrú, ó tún ti hù padà. Ó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó wọlé, ó jókòó sórí àga kí n tó kí i, ó ní, "Aunty, apá ọ̀tún ló kù."

Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní, "Aunty, ẹ má kúnlẹ̀, orúnkún yín ò ní jẹ́ kí ẹ dìde, èmi ni màá tún gbé yín. Ẹ máa dì í."

Mo dì í. Ní wákàtí kẹrin, bó ṣe máa ń rí, ó sọ̀rọ̀. Ó ní gbogbo èèyàn rò pé ẹ̀rù ṣọ́ọ̀ṣì ló lé òun lọ sí ilé ìwòsàn yẹn, àwọn kan ní ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni, àwọn kan ní ọmọkùnrin yẹn ni. Ó ní, "Aunty, mi ò tíì pinnu ní Sátidé yẹn. Òótọ́ ni mo sọ fún yín pé mo fẹ́ ronú. Àyè ṣì wà. Mo ń rò ó méjèèjì. Ìgbà tí ẹ jọ sọ̀rọ̀ lé mi lórí, mo kàn fẹ́ kí ariwo yẹn dákẹ́. Ohun tó lè tètè mú un dákẹ́ ni mo lọ ṣe."

Mo bi í bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní, "Ó lè jẹ́ pé nǹkan tí màá pinnu náà nìyẹn. Mi ò mọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo ṣe é."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ìka mi. Mo da irun ọwọ́ mi rú, mo ní láti tú u kí n tún un dì.

Òun àti ìyá rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àwọn tó ń rìn lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Kó tó lọ ní ọjọ́ yẹn, ó tọ́ka sí dígí, ó ní, "Ìyẹn náà, Aunty. Kí ẹ tó sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, ojú yín ti dá ẹjọ́ tán. Mo ń wò ó."

Ojú mi, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, kò mọ irọ́ pa. Ní ọjọ́ kejì, mo pe ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ó bá mi tú àga náà nílẹ̀, a yí i kúrò níwájú dígí, a kọjú rẹ̀ sí fèrèsé àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àwọn oníbàárà ráhùn pé àwọn ò rí irun àwọn. Mo ní, "Wàá rí i tó bá parí. Ṣé inú ìkòkò lo máa ń wà nígbà tí ìyá ẹ bá ń se ọbẹ̀?" Mo sì ra dúrọ́ọ̀ kan tó ní kọ́kọ́rọ́. Fóònù mi àti ti oníbàárà, inú rẹ̀ ni wọ́n ń wà títí irun á fi parí.

Láti ìgbà yẹn, àwọn ọmọ padà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, èmi sì kọ́ láti gbọ́. Ohun tí mo gbọ́ yà mí lẹ́nu. A máa ń rò pé ìwàásù ló ń pinnu. Mo ti di irun ọmọ pásítọ̀ tó yọ ọ́, mo ti di irun ọmọ tí kò mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tó bí i. Ó máa ń jẹ́ ọjọ́ ìdánwò. Ó máa ń jẹ́ fíísà ọmọ tí bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀ kó tó rán an wá, tó mọ̀ pé bí òun bá fi kíláàsì sílẹ̀, fíísà ń lọ. Ó máa ń jẹ́ ohùn ọmọkùnrin: kì í ṣe èyí tó pariwo, èyí tó ní "whatever you want", tó sì padà sídìí géèmù rẹ̀. Ọmọ kan sọ fún mi pé òun bí tòun nítorí pé òun ti rí ọmọ àbúrò ìyá òun tó gbé ọmọ dání lọ gba dìgírì. Kò sí ẹni tó wàásù fún un. Ó kàn rí i pé ó ṣeé ṣe. Òmíràn ní nítorí pé òun ò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí ni. Èyí tó sì wọ́pọ̀ jù ni ojú ìyá. Kì í ṣe ohun tí ìyá sọ. Ojú tí wọ́n rò pé ìyá á fi wò wọ́n.

Èmi fúnra mi, ẹ̀sìn mi ò gba oyún yíyọ, mo sì ti sọ ọ́ fún ẹni tó bi mí. Ẹni tí kò bi mí, mi ò sọ fún un. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ò pọ̀. Mo máa ń bi wọ́n bóyá dọ́kítà tòótọ́ ti rí wọn, kì í ṣe fóònù. Lẹ́yìn náà màá bi wọ́n ní ìbéèrè kan tí ẹ máa gbọ́ láìpẹ́.

Òfin tuntun wá dé ní ìpínlẹ̀ yìí, tó jẹ́ pé kí ọmọ tó rí i dájú pé nǹkan oṣù òun ti fò, àyè àtiyọ ọ́ níbí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Ẹni tó bá kọjá ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ yẹn á rìnrìn àjò lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nípa òfin, mi ò tíì lè bá òfin ìgbọ́kọ̀sí jà. Àmọ́ mo rí ohun tó ṣe lórí àga mi: ó fi ìkánjú kún un. Ọmọ tó yẹ kó fi ọ̀sẹ̀ méjì ronú á máa ka ọjọ́ mẹ́rin.

Irú rẹ̀ ni Tọ́mi. Ibí ni wọ́n bí i sí, ilé wọn wà ní Dacula, ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe afárá ló ń kọ́, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń rọ́ bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí ìka mi ti ń kìlọ̀ fún mi, ó wá ní ọjọ́ Ajé, ó kọjú sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó ní, "Aunty, mo lóyún. Dọ́kítà skúùlù ti wò mí. Mo ní títí Sátidé."

Ọwọ́ mi ò dúró. Mo ní, "Ó dáa. Bí gbogbo wa bá kú lónìí, èmi, màmá ẹ, dádì ẹ, pásítọ̀, ọmọkùnrin yẹn, kí ni ìwọ fẹ́?"

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo wa. Wọ́n ti sin wá. Ìrẹsì tí wọ́n sè níbẹ̀ pàápàá ti tán."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tí mọ́mì bá kú, mi ò ní mọ ohun tí mo fẹ́ láéláé. Láti kékeré ni mọ́mì ti máa ń sọ pé tí kì í bá ṣe èmi, òun á ti di dọ́kítà. Wọ́n máa ń sọ ọ́ tí àlejò bá wà. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Pé oyún mi ló jẹ́ kí wọ́n fi skúùlù sílẹ̀. So, mo mọ̀ pé ọmọ máa ń ba ayé èèyàn jẹ́, torí èmi ni mo ba tiwọn jẹ́. Mi ò fẹ́ kó ba tèmi jẹ́. Mi ò sì fẹ́ bí ẹni tí màá máa sọ bẹ́ẹ̀ fún."

Mo sọ òótọ́ fún yín, ojú mi lọ sí dúrọ́ọ̀. Mo mọ nọ́ńbà ìyá rẹ̀ lórí. Mo fẹ́ pè é, kí n bú u. Mo di irun mẹ́ta kí ìfẹ́ yẹn tó kọjá.

Mo ní, "Ṣé o fẹ́ kí màmá ẹ mọ̀?"

"Mo fẹ́. Wọ́n nìkan. Kí wọ́n má pe dádì, kí wọ́n má pe pásítọ̀. But Aunty, ẹ mọ mọ́mì. Wọn ò lè dúró síbì kan."

"Ọjọ́rú ló fẹ́ wá ṣe irun tirẹ̀. Bó bá wà lọ́wọ́ mi, ó máa dúró. Ìwọ ni kó o pinnu bóyá wàá wá."

Ìyá Tọ́mi ń bá èèyàn ta ilé. Ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ilé kan máa bọ́ mọ́ lọ́wọ́ bó bá mí. Ní Ọjọ́rú, mo gba fóònù rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ bí mo ṣe máa ń gba ti gbogbo èèyàn, mo la irun rẹ̀, mo ti dì í dé àárín orí, ó ń ròyìn ilé oníyàrá márùn-ún kan fún mi, nígbà tí Tọ́mi wọlé. Ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níwájú ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, mo lóyún. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Obìnrin yẹn ta kìjí. Àmọ́ gbogbo irun apá iwájú rẹ̀ wà ní ìkúùkù mi. Mo ní, "Jókòó."

"Aunty, ẹ fi mí sílẹ̀. Fóònù mi dà? Mo fẹ́ pe bàbá rẹ̀."

"Bó o bá fẹ́ dìde, dìde. Irun yìí ò ní bá ẹ lọ."

Ó jókòó. Ó ń mí bí ẹni tó gun àtẹ̀gùn. Ó ní, "Ta ni? Rárá, má sọ fún mi. Tọ́mi. Ṣé ohun tí mo torí ẹ̀ fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ nìyí? Ṣé o mọ ohun tí mi ò bá ti jẹ́ láyé yìí?"

"Dọ́kítà," ni Tọ́mi wí. Kò pariwo. "Mo mọ̀ ọ́n, Mọ́mì. Ẹ ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Kò sí ohun tí mo lè rò nípa oyún yìí tí ọ̀rọ̀ yẹn ò ní í wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán lónìí."

Ọkọ̀ mẹ́ta ló wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí, mẹ́ta náà ló jáde.

Ìyá rẹ̀ ní, "Mo fèèlì kẹ́mísìrì."

Tọ́mi ní, "Kí lẹ sọ?"

"Kẹ́mísìrì. Mo fèèlì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ti ní kí n máa lọ kí n tó pàdé bàbá ẹ pàápàá. Ìwọ kọ́."

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi àti olùkọ́ yẹn."

"Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ wá ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ó dùn ún sọ ju òótọ́ lọ." Ìyá rẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ìwọ ni nǹkan kan ṣoṣo tí mi ò fèèlì lọ́dún yẹn. Ìyẹn ni mi ò sọ fún ẹ rí."

Èmi tí mo wà lẹ́yìn wọn, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún, mi ò ṣe ìkankan, nítorí ọwọ́ mi dí. Ìyá Tọ́mi fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe fa èémí wọnú láti sọ̀rọ̀, bí ó ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ ta ilé fún èèyàn. Mo fa irun rẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ ni. Ó tú èémí yẹn jáde. Ó na ọwọ́ sí iwájú, ó di ìka ọmọ rẹ̀ mú, ó ní, "Ó dáa. Gbàgbé tèmi. Kí ni ìwọ fẹ́?"

Tọ́mi sọ ohun tó fẹ́. Ó sọ ọ́ kedere, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń rọ́ yẹn, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni kó tó parí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "A jọ máa lọ ni." Ohun tí ọmọ yẹn ní òun fẹ́ náà ni wọ́n ṣe, àwọn méjèèjì nínú ọkọ̀ kan. Tọ́mi wà ní ọdún tó kẹ́yìn báyìí, ara rẹ̀ le, ìyá rẹ̀ ò sì bá àlejò sọ̀rọ̀ dọ́kítà mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti ń na ọrùn. Ẹ fẹ́ mọ ohun tó sọ. Kí n tó jẹ́ kí ọmọ mi tẹ èyí, mo pe àwọn méjèèjì láti gba àṣẹ. Ìyá rẹ̀ gbà, ó ní kí n ṣáà rí i pé mo kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni òun fèèlì kẹ́mísìrì, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tọ́mi ń sọ kiri. Tọ́mi náà gbà. Ó ní, "Aunty, ẹ lè sọ ọ́ títí dé ibi tí mọ́mì ti bi mí ní ohun tí mo fẹ́. Èyí tó kù, tèmi ni."

Mo di irun ìyá rẹ̀ parí lọ́jọ́ yẹn, iwájú dé ẹ̀yìn, kò sí ìlà kan tó yà.